Àwọn Ẹyẹ Inú Bésìn Màmá Ernestine

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Àṣàkẹ́ ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni orúnkún mi wà, kì í ṣe orí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé wa, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ni ìkúnlẹ̀ ń jẹ́. Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi Múyìíwá, ẹ̀yin tí ẹ máa ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, ẹ má kánjú kà á, ẹ má sì fo ibì kankan. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tí mi ò tíì fojú rí, mo kí gbogbo yín pátá. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, nítorí a pọ̀ níhìn-ín tí a ní bàbá nílé, tí a kì í mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá gbé fóònù.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ooru ti kásẹ̀ nílẹ̀, òtútù kò sì tíì wọlé tán. Àsìkò yìí ni ewé igi wọn máa ń pọ́n, òmíràn á pupa bí ẹ̀jẹ̀, òmíràn á dà bí òkìtì wúrà lẹ́bàá títì. Wọ́n ń já bọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ilẹ̀. Riverdale Park ni mo ṣì ń gbé ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà Route 1, èmi àti Sister Bíọ́dún tó ń tọ́jú aláìsàn. Bí mo bá wọlé, òun ti jáde. Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ tó ṣì gbóná díẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, rélùwéè máa ń kọjá, á fọn fèrè rẹ̀ gbọọrọ, ọkàn mi á sì kọ́kọ́ lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè Dùgbẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Kò sí ẹni tó ń kì mí níbí. Ṣadé ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, wọn kì í tilẹ̀ pè é já gaara.

Bàbá, nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sì ní balùwẹ̀ àwọn ènìyàn ni à ń tún ṣe. Ẹ ní Ọlọ́run á gbé mi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ilé ìgbẹ́ ni mò ń fọ̀. Rárá o. Ọ̀gá mi, Alhaji Mùfútàù, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Bí báàfù ńlá tí wọ́n ń jókòó wẹ̀ nínú rẹ̀ bá ti gbó, tàbí bésìn tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wọ́n fi ń fọwọ́ fọjú, dípò kí onílé fọ́ wọn dànù, àwa ni wọ́n ń pè. A ó fọ gbogbo ọṣẹ àti ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ọn kúrò, a ó fi sáńpépà ha á, a ó dí ojú ibi tó bá ti sán, lẹ́yìn náà a ó fín ọ̀dà sí i títí yóò fi máa dán bí àwo tánganran tuntun. Ọ̀dà náà ń rùn, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ ìbòmú, tí a ń gbé fáànù sójú fèrèsé, tí a sì ń fi ọ̀rá fífẹ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Nínú ọ̀rá yẹn, ohùn ayé máa ń jìnnà. Fáànù á máa kùn, ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé rírẹ̀rírẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ọ̀dà funfun á máa fò bí ìkùukùu òwúrọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí n kì í mọ̀ bóyá mo jí ni àbí mo ń lá àlá.

Ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún yín ṣẹlẹ̀ nígbà ìrúwé tó kọjá, nígbà tí òdòdó igi bo gbogbo àdúgbò wa, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri bí òwú. Ilé onípákó àtijọ́ kan wà tí kò jìnnà sí ojú irin. Opó kan ló ń dá gbé inú rẹ̀, Màmá Ernestine, dúdú bíi tiwa, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Calvin, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Washington, ó sì kọ́ ilé ńlá sí Mitchellville, níbi tí ọgbà ilé kọ̀ọ̀kan ti tó pápá bọ́ọ̀lù, tí ẹ kò lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyá náà ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà òtútù. Láti ìgbà náà ni Calvin ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n ta ilé. Wọn kò wí bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò wí bẹ́ẹ̀ kọ́. Calvin bá pe Alhaji lórí fóònù, ó ní kí a bá òun sọ gbogbo balùwẹ̀ ìyá òun di funfun báláú, pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilé kì í fẹ́ rí ohun tó gbó.

Balùwẹ̀ náà gbó lóòótọ́. Ọ̀dà tí ẹnìkan ti fọwọ́ kùn sí báàfù láyé ọjọ́un ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n bésìn ni mo dúró wò. Wọ́n ti ya nǹkan sí inú rẹ̀ yípo: ìtàkùn tó ní ewé tín-ín-rín, àti àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ aró láàárín ewé náà. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣí. Níbì kan ìyẹ́ nìkan ló kù, níbòmíràn àtẹnu-àtojú. Ní apá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ ti pòórá, ó ku funfun tó ti fẹ́lẹ́. Lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ìpẹtà ti ṣàn sílẹ̀ bí omijé, ó sì ti jẹ ohun tó wà níbẹ̀ tán.

Màmá Ernestine ti ń wò mí látẹ̀yìn láìjẹ́ pé mo mọ̀. Wọ́n ní ṣé mo rí àwọn ẹyẹ àwọn. Mo ní mo rí wọn, mà. Wọ́n ní ọkọ àwọn ló yà wọ́n, pé òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, kò kọ́ iṣẹ́ ọnà níbì kankan. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ọ̀gá mi kó má fi nǹkan funfun bo wọn mọ́lẹ̀, kí a kàn bá àwọn fọ̀ ọ́ ni. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Calvin. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ọmọ náà ń sáré púpọ̀, pé kí ènìyàn tó parí ọ̀rọ̀ kan, ó ti dé ìdí mọ́tò.

Mo jíṣẹ́ fún Alhaji nínú váànù. Alhaji ní kí n gbọ́, pé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, àlejò kì í dá sí i. Wọ́n ní ọmọ ló pè wá, ohun tí ó ní kí a ṣe la ó ṣe. Wọn kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Alhaji, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí iṣẹ́ wọ́ nílẹ̀.

Báàfù la kọ́kọ́ ṣe, ó sì dára, ó ń dán gbinrin. Nígbà tó wá kan bésìn, Alhaji po ọ̀dà funfun, wọ́n ní kí n da ásíìdì sí ara bésìn kí ojú rẹ̀ má yọ̀ mọ́, kí ọ̀dà lè mú un. Bàbá, mo mú ìgò náà dání, mo ṣí i. Mo wo àwọn ẹyẹ yẹn. Ọwọ́ mi kò lọ. Kì í ṣe pé mo gbójú o. Ọwọ́ mi ni kò lọ. Mo dé ìgò náà padà, mo mú kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ lásán, mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń fọ orí ọmọ ìkókó. Bí ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ ti ń ṣí kúrò, bẹ́ẹ̀ ni aró náà ń jáde, tó ń mọ́lẹ̀ sí i. Ẹyẹ kan ní ojú pupa tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ọjọ́ pípẹ́.

Alhaji wọlé, wọ́n rí ohun tí mò ń ṣe. Inú bí wọn. Wọ́n ní ṣé orí mi pé. Wọ́n ní ilé mìíràn ń dúró dè wá ní Forestville, pé bí mi ò bá lè ṣiṣẹ́ kí n gbé báàgì mi. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni mo ń wò yẹn. Mo kúnlẹ̀ sórí táìlì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pe Calvin kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Bí ó bá wò ó tán tó ní kí a fín in, èmi fúnra mi á fín in. Alhaji pòṣé, wọ́n jáde. Àsìkò ìrun Àìlá ti tó. Wọ́n ní kí Màmá Ernestine fún àwọn láyè díẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n kírun. Ìrun náà gùn ju bó ti máa ń gùn lọ. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé fóònù ìyá náà, wọ́n pe Calvin.

Ó dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ló dé, ṣé ohun tí òun wí kò yé wa ni. Ó ní bésìn lásán ni, bésìn tó ti bàjẹ́, òun lè ra tuntun. Ojú tì mí, mo fara ti ògiri. Màmá Ernestine wá ti orí àga kékeré tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní kí Calvin dákẹ́ kí ó jókòó. Kò sí ibi ìjókòó, ó bá jókòó sétí báàfù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Mo rí Alhaji tí wọ́n fẹ́ pariwo nítorí ọ̀dà, tí wọ́n gbé e mì.

Màmá náà bi í léèrè bóyá ó rántí ìgbà tí ó ṣàìsàn. Calvin ní wọ́n ti sọ fún òun rí pé òun dùbúlẹ̀ ní ọsibítù nígbà tí òun kéré. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò mọ bí ó ti rí. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ibà ń sun ún bí iná, àwọn dókítà ti ń wo ojú ara wọn. Wọ́n ní àwọn ń sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń ti ibi iṣẹ́ wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á wò ó, á pa dà sílé. Ọkùnrin náà kì í sunkún. Kì í sì í gbàdúrà sókè. Gbogbo ìgbà tí ó fi dá wà nínú ilé yẹn, inú balùwẹ̀ ló wà. Ọmọ náà fẹ́ràn ẹyẹ, á máa nawọ́ sí wọn lójú fèrèsé ọsibítù. Bàbá rẹ̀ lọ ra ọ̀dà, ó ra búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ẹyẹ. Ó ń yà wọ́n sílẹ̀ de ọmọ tí wọ́n ti ní ó ṣeé ṣe kó má pa dà wálé mọ́.

Àní fáànù ojú fèrèsé, ẹ̀rù bà mí pé ó ń pariwo jù.

Màmá ní, ṣùgbọ́n ó pa dà wálé. Wọ́n ní àwọn gbé e dúró síwájú bésìn láti fọjú rẹ̀, ó rí àwọn ẹyẹ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka rẹ̀ ṣà wọ́n, pé òun fẹ́ mú wọn jáde kúrò nínú àwo. Ní àràárọ̀ ni, apá kan náà tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Àwọn ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kí àwọn jẹ́ kó máa mú wọn. Màmá nawọ́ sí ibi tí gbogbo àwòrán ti pòórá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bésìn náà. Wọ́n ní kì í ṣe pé ó gbó. Wọ́n ní ìwọ lo mú wọn lọ.

Calvin dìde. Ó tẹ̀ba síwájú bésìn, ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ sórí ibi funfun náà, ó ń fà á lọ fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní Bàbá kò sọ fún òun rí. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì. Alhaji rọra fà mí lápá, a jáde lọ síta láti lọ wo òdòdó tí afẹ́fẹ́ ń gbé.

Nígbà tó pè wá wọlé, ó bi Alhaji bóyá ọgbọ́n kan wà tí àwọn ẹyẹ náà kò fi ní ṣí mọ́. Alhaji ní fáníṣì kan wà tó mọ́ bí omi, tí a lè fín sórí wọn, wọ́n á wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹja nínú odò. Màmá ní ibi tí ọwọ́ ọmọ àwọn ti nu ẹyẹ kúrò, kí a má fi nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ìpẹtà jẹ lábẹ́ ẹ̀rọ, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ènìyàn, kí a bá àwọn ya ẹyẹ mìíràn síbẹ̀. Alhaji ní àwọn kì í ya ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo ń sọ nínú váànù pé bàbá mi ń ya àwòrán sára lọ́rì n'Ìbàdàn.

Bàbá mi, ẹ̀rù bà mí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Mọ́kọ́lá tí mo lọ di tíṣà, n kò mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín dání mọ́. Mo jókòó síwájú bésìn náà, mo dúró títí èémí mi fi rọlẹ̀, bí ẹ ti kọ́ mi. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń ti inú ọ̀rá wọlé. Díẹ̀díẹ̀ mi ò gbọ́ fáànù mọ́. Ohun tí mo ń gbọ́ ni òòlù àwọn kápẹ́ńtà tó ń kan pákó ẹ̀yìn lọ́rì, mo sì ń gbọ́ òórùn ọ̀dà yín tí ẹ fi kẹrosíìnì pò, mo rí yín pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan létí, òmíràn lẹ́nu. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wo ohun tí mo yà, ẹyẹ aláró kékeré kan ni, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹyẹ yín ni, èyí tí ẹ máa ń yà sẹ́yìn lọ́rì. Gbogbo àwọn tó kù fẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ìtàkùn.

Mo fẹ́ nù ún kí n tún un yà. Màmá Ernestine di ọwọ́ mi mú. Wọ́n bi mí kí ló dé tó gbé ẹsẹ̀. Mo sọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ fún wọn, pé ẹyẹ tó bá fẹsẹ̀ méjèèjì dúró ti dé ibi tó ń lọ, èyí tó gbé ẹsẹ̀ kan ṣì ń bọ̀. Wọ́n kàn tẹ ọwọ́ mi, wọ́n sì bi mí lórúkọ ẹni tó ni ẹyẹ náà. Bàbá, ẹ mọ̀ pé kò ṣeé gbọ́ kí n la ẹnu kí n pe orúkọ yín gbagada. Mo ní Bàbá Àkànní. Wọ́n gbìyànjú, ó le lẹ́nu wọn. Wọ́n ní Bàbá ti tó.

Alhaji fín fáníṣì náà fúnra wọn, láìjẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọn kò lé mi lọ. Wọn kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà títí di òní, àmọ́ bí a bá kọjá ní ojú ọ̀nà ilé yẹn, wọ́n máa ń dín eré mọ́tò kù.

Nígbà tí ooru ń parí lọ ni Màmá gbà láti lọ sí Mitchellville. Wọ́n ní ibi tí bésìn àwọn bá lọ ni àwọn máa lọ. Calvin kò jiyàn. Pọ́ńbà kan tú u kúrò lára ògiri, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo jókòó sẹ́yìn váànù Alhaji, mo gbá a mọ́ àyà. Màmá wà níwájú, wọ́n wé gèlè olódòdó, wọn kò wẹ̀yìn. Ọ̀nà náà kún fún igi, òjìji ewé ń kọjá lójú wa, ó ń lọ, ó ń bọ̀, oorun fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ pẹ̀lú ẹrù náà lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe balùwẹ̀ kan sísàlẹ̀ ilé fún wọn, kò sí àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ Calvin méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, èyí àbúrò sì nawọ́ sí bésìn kí wọ́n tó kàn án tán.

Owó kò pọ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà, mo sì ń jẹun yó. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá rò pé balùwẹ̀ ni mò ń tún ṣe, ẹ má banú jẹ́ nítorí mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀, ojú yín á máa ríran. Màmá mi, ẹ kò ní sunkún ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà yín á máa là. Ẹ bá mi kí Ìyá Alákàrà, ẹ kí àwọn kápẹ́ńtà Mọ́kọ́lá, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè. Alhaji Mùfútàù ní kí n kí yín.

Màmá Ernestine náà ní kí n kí yín. Wọ́n pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní bí àwọn bá ti jí láàárọ̀, kí àwọn tó bu omi sójú, àwọn a kọ́kọ́ kí ẹyẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè yẹn. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń wí fún un ni pé, Bàbá, ẹ káàárọ̀ o.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́